Ìwé Mi Tó Wà Lára Ògiri Lẹ́yìn Orí Rẹ

Ojúlé wa lẹ́yìn ibùdókọ̀ Bẹ́ńsìn,
Ìkòròdú.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àsùbáà.

Àríkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Èmi ò jí dáadáa, nítorí náà mi ò ní fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lánàá ni kò jẹ́ kí n sùn.

Mo mọ̀ pé inú rẹ dùn nígbà tí o yà á. Inú tèmi náà dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ọmọ mi ló wọ aṣọ funfun, tó so káàdì ìjọba mọ́rùn, tó jókòó láàárín àwọn ọ̀gá rẹ̀ nínú pálọ̀ ilé-iṣẹ́ kan níbí ní Ìkòròdú, ìgò ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan níwájú yín. O kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Dádì, ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wa lọ wò rèé, wọ́n ṣe wá lálejò gan-an.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo pe Ìyá Kẹ́hìndé, obìnrin tí o bá mi gbà láti máa tọ́jú mi láti ìgbà tí mo ti ṣubú ní balùwẹ̀, pé kó wá wo ọmọ mi. Òun ló bi mí pé kí ni wọ́n kọ sínú fírémù tó wà lẹ́yìn orí rẹ, pé ó jọ ìwé ẹ̀rí. Mo fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà kó tóbi, bí o ṣe kọ́ mi.

Àríkẹ́, ìwé mi ni. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Mi ò lè ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ìbuwọ́lùwé bàbá rẹ, èyí tí o máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dà bí ìwọ̀ ẹja? Ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ búlúù tí mo fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo jẹ́ wolé-wolé. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá Kẹ́hìndé rò pé ẹ̀jẹ̀ mi ló ru, ó sáré gbé omi wá. Mi ò lè ṣàlàyé fún un. Ìwọ ni mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún, ó sì yẹ kí n ti ṣe é láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Lọ́la ni wàá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an. Iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé ọ lọ́wọ́ ni pé kí o máa bẹ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń rán olùtọ́jú lọ sílé arúgbó àti aláìsàn wò, láti ibí títí dé Ẹ̀pẹ́, kí o yẹ àwọn òṣìṣẹ́ wọn wò, kí o sì sọ èyí tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ lọ àti èyí tí kò yẹ. Ilé tí ẹ ti mu ẹlẹ́rìndòdò yẹn wà lára wọn. Wọ́n ti yí orúkọ padà, wọ́n sì ti kun ògiri ní àwọ̀ ewé, ìdí nìyẹn tí o kò fi lè mọ̀. Àwọn ni wọ́n tọ́jú Ìyá Àgbà, ìyá mi, ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní “tọ́jú” nítorí pé mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀.

Bí mo bá ní kí n sọ èyí lórí fóònù, ní kété tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ ni mà á gé e kúrú. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà, bí àwọn ará ìgbàanì. Fi sùúrù kà á. Mà á rán ẹnì kan kó gbé e dé ọwọ́ rẹ lónìí, mo sì fẹ́ kí o kà á tán kí o tó wọ yunifọ́ọ̀mù rẹ lọ́la.

Kì í ṣe Ẹ̀pẹ́ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Agbówà ni. Nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ wolé-wolé, mi ò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Àwọn èèyàn kórìíra wa nígbà náà. Bí wọ́n bá ti rí aṣọ kakí wa lókèèrè, wọ́n á máa sáré da omi ìkòkò nù, wọ́n á máa pe ọmọ wọlé. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n kórìíra mi. Ọmọlúàbí ni bàbá mi kọ́ mi láti jẹ́, nítorí náà mo máa ń ránṣẹ́ sí baálé ilé ṣáájú pé mò ń bọ̀ lọ́la. Kí n tó dé, wọ́n á ti gbálẹ̀, wọ́n á ti bo ìkòkò, wọ́n á ti gbé àga fún mi lábẹ́ igi. Mo máa ń kí àgbà kí n tó wo ilé, ìkíni náà a sì gùn débi pé ojú á tì mí láti dìde lọ wo ẹ̀yìnkùlé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wúre fún mi. Wolé-wolé Onísùúrù ni wọ́n ń pè mí. Mo fẹ́ràn orúkọ náà gan-an.

Agboolé kan wà tó ní kànga. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo inú rẹ̀. Baálé ní kí n kọ́kọ́ mu omi ná, pé oòrùn mú. Wọ́n bu omi tútù wá nínú kọ́ọ̀bù, mo mu ún, ó dùn, mo sì buwọ́ lu ìwé pé kànga náà dára. Ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti pọn omi tí mo mu. Kí oṣù náà tó parí, ìgbẹ́ gbuuru ti wọ agboolé náà, ọmọ méjì sì kú. Nígbà tí a ṣí kànga, ìdọ̀tí ṣáláńgá ló ti ń jò wọ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. O mọ apá kan nínú ìtàn yìí. Mo máa ń sọ ọ́ fún yín ní àwàdà, pé wọ́n fi omi tútù tan bàbá yín jẹ, ẹ̀yin náà á sì máa rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ ti àwọn ọmọ méjì yẹn fún yín rí.

Nítorí náà, èkíní: má mu omi wọn. Mi ò ní kí o yájú sí ẹnikẹ́ni. Ṣíṣe àlejò jẹ́ àṣà wa, ẹni tó sì gbé oúnjẹ wá lè má ní ibi kan nínú. Ṣùgbọ́n bí o bá ti jókòó, tí o ti jẹ, tí o ti mu, ẹnu rẹ á wúwo. Sọ fún wọn pé o ń gbààwẹ̀. Bí ìyẹn bá di irọ́, èmi ni mà á bá ọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ti ń tọrọ tèmi tẹ́lẹ̀.

Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n ní Agbówà. Mi ò kọ́ ọ. Mo kàn fi í pamọ́ ni, ohun tí èèyàn bá sì fi pamọ́ kì í kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ó wá kan ti Ìyá Àgbà. O rántí pé nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, gbogbo wa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìkòròdú. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn baba ńlá àwọn ti sá ogun kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ́ẹ̀kan, pé àwọn ò ní sá kúrò ní Ẹ̀pẹ́ nítorí orúnkún. Ìwọ wà ní Kàdúná nígbà náà, àwọn àbúrò mi sì ti fọ́n ká. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Èmi ọmọ ò lè gbé ibẹ̀, ni mo bá lọ bá ilé-iṣẹ́ yìí pé kí wọ́n fún wa lẹ́ni tí yóò máa gbé ilé ní Òkè-Balógun pẹ̀lú Màmá. Wọ́n rán Tóyìn sí wa, ọmọbìnrin kan láti Ìkirè, onígbàgbọ́, tó gba yàrá kan nítòsí ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí ní Ìkòròdú níbí. Ó ti bá wọn di ọṣẹ sínú páálí rí níbẹ̀. Ọmọ náà nítìjú, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí èèyàn dáadáa. Ìyẹn tó fún mi.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo sì ń pe Tóyìn pé mò ń bọ̀. Mo kà á sí ìwà ọmọlúàbí, pé èèyàn kì í já wọlé onílé. Bí mo bá dé lẹ́yìn ìrun àìlà, Màmá á ti wà lórí àga ní pálọ̀, wọ́n á ti wẹ̀, tìróò á wà lójú wọn, àtíkè lọ́rùn wọn, oúnjẹ á máa gbóná nínú kúlà. Tóyìn á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mà á bi Màmá pé ṣé wọ́n ń tọ́jú yín dáadáa. Màmá á ní, “A dúpẹ́. Alihamudulilahi.” Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ń bèèrè, oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Mi ò wọ yàrá wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tóyìn náà ń sùn níbẹ̀, mo sì rò pé kò bójú mu kí ọkùnrin máa wọ yàrá tí ọmọbìnrin ọlọ́mọ ń sùn.

Láàárín oṣù márùn-ún yẹn ni obìnrin tó ni ilé-iṣẹ́ náà wá kí mi nílé. Ó ní òun gbọ́ pé wolé-wolé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, pé bí irú mi bá kọ ìwé pé iṣẹ́ àwọn dára, ọkàn àwọn ẹbí mìíràn á balẹ̀. Orí mi wú. Mo jókòó sídìí tábìlì tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, mo kọ ọ́ pé mo ti fi ojú ara mi rí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yìí, pé kò sí àléébù kankan, pé kí ẹnikẹ́ni gbé òbí rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ láìfòyà. “Ilé-iṣẹ́ yìí” ni mo kọ, mi ò kọ orúkọ wọn, ìdí nìyẹn tí ìwé náà fi ń ṣiṣẹ́ fún wọn lẹ́yìn tí wọ́n yí orúkọ padà. Mo tún lu òǹtẹ̀ lé e, òǹtẹ̀ tó yẹ kí n ti dá padà fún ìjọba. Kí ni mo fi ojú ara mi rí, Àríkẹ́? Pálọ̀ ni.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń dáko ní Agbówà. Ó fún mi ní ọ̀pẹ̀yìnbó mẹ́rin. Màmá fẹ́ràn ọ̀pẹ̀yìnbó, Ẹ̀pẹ́ ò sì jìnnà mọ́ láti ibẹ̀, mo ní kí n yà. Mi ò pe ẹnikẹ́ni, nítorí pé fóònù mi ti kú.

Nígbà tí mo dé, àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìta. Ìyá Sàlámọ̀, aládùúgbò tó ń yan ẹja lójúde kejì, gbójú sókè, ó wò mí, kò tiẹ̀ rántí kí mi. Ohun tó bi mí ni pé, “Ẹ ò pè kí ẹ tó wá lónìí?” Mi ò lóye ìbéèrè náà. Mo rò pé wọ́n gbé Màmá lọ sí ọsibítù ni. Mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo yọ ìkọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo wọlé. Òórùn ló kọ́kọ́ kọlù mí.

 Ìyá mi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, pámpásì tó ti rin gbindin nídìí wọn. Wọ́n so ọ̀já mọ́ wọn ní ìbàdí, wọ́n so etí rẹ̀ kejì mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó gùn dé ibi tí póò wà, kò gùn dé ẹnu ọ̀nà. Abọ́ ẹ̀kọ kan wà lórí àpótí, èèrà ti bò ó. Mo mọ ọ̀já náà. Ọ̀já onílà pupa yẹn ni wọ́n fi pọn gbogbo wa, ìwọ náà ti sùn nínú rẹ̀. Màmá rí mi, wọn ò sunkún, wọn ò pè fún ìrànlọ́wọ́. Wọ́n ń wá gèlè tí wọ́n máa fi borí. Wọ́n wá ní, “Mufú, o ò sọ pé ò ń bọ̀.”

Ojú ń tì wọ́n fún mi. Àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀, àwọn ni ojú ń tì. Mi ò tíì bọ́ nínú ìyàlẹ́nu ọjọ́ yẹn títí di òní, bóyá mi ò sì ní bọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Mo tú kókó ọ̀já náà, ó le, eyín ni mo fi tú u. Mo gbé omi kaná, mo wẹ̀ fún ìyá mi. Ọgbẹ́ wà lẹ́yìn wọn, èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, tí kò hàn rí lábẹ́ bùbá Sátidé.

Lẹ́yìn aláàsárì ni Tóyìn dé, ó ń sáré, òógùn bò ó. Mo gbá a létí. Kò yẹ kí n ṣe é, mo sì ń kọ ọ́ síbí kí o lè mọ̀ pé bàbá rẹ ṣe é. Ó kúnlẹ̀, kò bẹ̀bẹ̀, ó kàn ń sọ̀rọ̀. Ó ní ilé mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ fún òun láti tọ́jú ní Ẹ̀pẹ́, tiwa ní Òkè-Balógun, méjì ní Ayétòrò, wọ́n sì sọ fún ẹbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé ọ̀dọ̀ wọn nìkan ló wà. Ó ní ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi kọ́ òun níṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń wọ yunifọ́ọ̀mù àti bí wọ́n ṣe ń kí ẹbí. Ó ní Màmá ti jáde wá òun lọ́jọ́ kan, wọ́n ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni òun bá wọn ní ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ náà ni òun ti ń lo ọ̀já. Ó ní òun sọ fún Mádáàmù tó ni ilé-iṣẹ́ pé iṣẹ́ náà pọ̀ jù, Mádáàmù ní bí kò bá lè ṣe é, kó bọ́ yunifọ́ọ̀mù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó ṣì ń dún létí mi di òní.

“Bàbá, ọjọ́ tí ẹ bá pè nìkan ni mo máa ń ráyè jókòó ti Màmá. Wọ́n máa ń bẹ̀ mí pé kí n sọ fún yín kí ẹ máa pè lójoojúmọ́.”

Mo gbé Màmá wá sí Ìkòròdú ní ọjọ́ náà gan-an. Èyí tó kù, o mọ̀ ọ́n, wọ́n lo oṣù méje lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó dágbére fáyé. O wá láti Kàdúná, o bi mí léèrè ọgbẹ́ ẹ̀yìn wọn, mo ní àìsàn ló fà á. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ìdílé ń yìn mí pé mo tọ́jú ìyá mi. Obìnrin tó ni ilé-iṣẹ́ náà wá kẹ́dùn pẹ̀lú wa, ó jókòó, mo ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún un. Mi ò fẹjọ́ rẹ̀ sun ẹnì kankan. Mo máa ń sọ fún ara mi pé mi ò mọ ẹni tí mo lè fẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n irọ́ ni, mi ò wá a. Ojú ló tì mí. Èmi wolé-wolé, tí mo ti wọ ilé onílé fún ọdún márùndínlógójì, mi ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá ìyá mi. Ta ni mo fẹ́ sọ ìyẹn létí rẹ̀? Mo ní bí a bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà yóò di ìgbàgbé. Kò di ìgbàgbé, wọ́n fi ìwé mi sínú fírémù. Ọdún mẹ́ta ni àwọn èèyàn ti ń wọ pálọ̀ yẹn, tí wọ́n ń ka ìwé mi, tí wọ́n ń fa ìyá àti bàbá wọn lé wọn lọ́wọ́. Mi ò lè ronú nípa iye wọn láìjẹ́ pé orí mi ń fò lọ.

Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn mi fi pọ̀. Fi ọwọ́ gidi mú wọn.

Èkejì, má ránṣẹ́ ṣáájú. Wọ́n á sọ fún ọ pé kò bọ̀wọ̀ fún àgbà. Dá wọn lóhùn pé nítorí àgbà náà ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ pé o ń bọ̀, ọjọ́ náà ni wàá rí, kì í ṣe ilé.

Ẹ̀kẹta, pálọ̀ kọ́ ni ilé. Dìde lórí àga, kí o tọrọ ààyè, kí o wọ yàrá. Ìwọ jẹ́ obìnrin, o lè wọ ibi tí ojú tì mí láti wọ̀. Wo ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wo ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, wo ẹ̀yìn arúgbó náà àti ìbàdí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, “a dúpẹ́” kì í ṣe ìròyìn. Àwa Yorùbá á dúpẹ́ lórí ibùsùn ikú. Má bèèrè bóyá wọ́n ń tọ́jú wọn dáadáa, torí kò sí ìyá tó máa sọ pé rárá lójú ẹni tí yóò bu omi fún un bí o bá lọ tán. Rán olùtọ́jú jáde díẹ̀. Jókòó sílẹ̀, kí o bi wọ́n ohun tí wọ́n jẹ lánàá, ẹni tó bá wọn wẹ̀, ibi tí olùtọ́jú máa ń wà bí wọ́n bá jí lójú oorun ọ̀sán. Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Ẹnu àgbà máa ń pẹ́ kó tó là.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Yà lọ́dọ̀ aládùúgbò. Lẹ́yìn ìgbà tí mo gbé Màmá kúrò, mo bi Ìyá Sàlámọ̀ ìdí tí kò fi sọ fún mi. Kò bínú. Ó ní, “Ẹ máa ń kí wa bí ẹ bá ń kọjá, Alhaji. Ẹ kì í dúró.” Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, Àríkẹ́. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀, èmi tí mo ń wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nítorí náà dúró, kí o gbóòórùn èéfín ẹja díẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì tú àṣírí kan fún ọ, má dárúkọ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́, kí wọ́n má baà fojú rẹ̀ rí màbo.

Má fi ojú ọlọ́pàá wo àwọn olùtọ́jú. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ìyà tọ́ sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá òun ló mú ẹ̀gún náà tàbí wọ́n fún un. Bi wọ́n pé ilé mélòó ni wọ́n ń tọ́jú, ìgbà wo ni wọ́n sùn kẹ́yìn, ta ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn bí ó bá rẹ̀ wọ́n, ta ni wọ́n lè fẹjọ́ ọ̀gá wọn sùn láìpàdánù iṣẹ́. Bi wọ́n lẹ́yìn ọ̀gá wọn. Ká ní ẹnì kan ti bi Tóyìn ní ìbéèrè wọ̀nyí lọ́sẹ̀ kìíní ni, wọn kì bá tí fi ọ̀já so ìyá mi. Àwọn tó ń ṣe é dáadáa sì wà, wọ́n pọ̀, kọ orúkọ tiwọn náà sílẹ̀.

Èyí tó wúwo jù wá kù. Bí o bá padà sí ilé-iṣẹ́ yẹn, ìwé yẹn ni wọ́n máa nawọ́ sí. Bí wọ́n bá sì mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣebí bàbá rẹ mọ̀ wá. Mo mọ̀ ọ́, o fẹ́ràn mi, ọwọ́ rẹ á fẹ́ gbọ̀n. Má jẹ́ kó gbọ̀n. Ìwé kan wà nínú àpò lẹ́tà yìí, mo kọ ọ́ láàárọ̀ yìí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni ẹ̀rí tí mo jẹ́, mo kọ ohun tí mo bá ní Òkè-Balógun, mo buwọ́ lù ú. Mi ò lu òǹtẹ̀, mo ti fi òǹtẹ̀ náà sínú àpò yìí, bá mi dá a padà fún ìjọba. Fún ọ̀gá rẹ ní ìwé náà lọ́la kí o tó ṣe ohunkóhun. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ ni mí. Bí wọ́n bá ní kí ẹlòmíràn lọ yẹ ilé-iṣẹ́ náà wò dípò rẹ, má jà, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má fi ìwé yìí pamọ́ nítorí orúkọ ilé wa. Mo ti dáàbò bo orúkọ náà tó, mo sì ti rí ohun tó dà.

Mo pe Tóyìn lánàá. Ó ti padà sídìí dídi ọṣẹ sínú páálí. Mo tọrọ àforíjì fún ìgbátí yẹn. Ó bi mí ní àlàáfíà Màmá. Kò mọ̀ pé wọ́n ti kú. Ó sunkún lórí fóònù ju bí àwọn kan ṣe sunkún níbi àdúrà lọ. Ó ní bí ẹ bá pe òun, òun á wá sọ ohun tí òun mọ̀.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìyá Kẹ́hìndé ti lọ pọn omi, mo sì ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ tó ń bọ̀. Yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ yìí tí iṣẹ́ tuntun gba àyè rẹ, o máa ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ pé ò ń bọ̀ ní Sátidé. Bí o bá dé, ní pálọ̀ lo máa ń bá mi, mo ti wẹ̀, mo ti fi lọ́fínńdà sára. O máa ń bi mí bóyá wọ́n ń tọ́jú mi dáadáa, mo sì máa ń ní a dúpẹ́.

Ìyá Kẹ́hìndé ń tọ́jú mi dáadáa, Àríkẹ́. Má gbà á gbọ́ lẹ́nu mi. A kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Má pè, kàn máa bọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mufutau, wolé-wolé tó jókòó sí pálọ̀.